Gèlè Pupa Tó Wà Nínú Ìwé Aláwàdà

Bàbá ọkọ mi, tí í ṣe kátíkíìsì ìjọ wa, yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin torí pé mo lọ wo aláwàdà kan. Bẹ́ẹ̀ ni o! Èmi ìyàwó tuntun, tí ohùn mi ń gbé ti àwọn yòókù ró! Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó sẹ́yìn, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ba orin jẹ́. Inú bí mi débi pé bí wọ́n bá gbàdúrà tán, n kì í ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ra ìwé kan bọ̀ láti Àkúrẹ́. Aláwàdà yẹn gan-an ló kọ ìtàn ayé ara rẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò mọ̀wé, ó ní kí n máa kà á sókè bí a ti ń ṣa kòkó lórí ẹní. Bàbá gbé àga wá sí ìtòsí, ó ṣí Bíbélì, kò sì ṣí ewé kejì mọ́.

Ọkùnrin náà kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní ìyàwó òun kọ òun sílẹ̀ torí pé òun ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, òun sì ń dúró kó pàtẹ́wọ́. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyẹn, gbogbo ìjọ ló mọ̀.

"Ìwé Jóòbù ló pa mí lẹ́rìn-ín," ni Bàbá wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Ìyá dáhùn.

Mo débi tó ti lọ ṣeré ní Ìdànrè. Ó kọ ọ́ pé wọ́n kọ́kọ́ mú òun gun òkè, ẹsẹ̀ òun sì ń gbọ̀n títí òun fi dórí ìtàgé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ó ku díẹ̀ kí òun sunkún. Àfi lójijì tí obìnrin gíga kan, tó we gèlè pupa bojú, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn gbọ̀ngàn pẹ̀lú ohùn ọkùnrin. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó sì...

Mo rí ohun tó kàn: ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wo Bàbá. Òógùn ti bò ó. Háà, Ọlọ́run mi, ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́! Ṣùgbọ́n ojú tó fi wò mí, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fo ojú ewé náà.

Bàbá pa Bíbélì dé. "Ìyàwó, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹgbẹ́ akọrin ń ṣe ìdánrawò. Má pẹ́ o."

Inú mi dùn, omi bọ́ lójú mi. Ìyá kò gbójú kúrò nídìí kòkó.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Bàbá ọmọ mi, ẹ wá bá mi dá gèlè mi padà."