Ẹsẹ̀ Ọmọ Lórí Ẹ̀yìn Mi

Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan péré ni mo gbé nídìí kànga ilé wa ní Ìdímù, ni nǹkan bá gún mi lójijì láàárín ẹ̀yìn. Mi ò lè nà, mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ó máa lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, agídí sì pọ̀ lára mi.

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe náà ni mo ṣe. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní, mo ní kí Ìbùkún, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá gùn mí lẹ́yìn. Ó ń rọra tẹ̀ ẹ́, mo bá jágbe mọ́ ọn pé, “Tẹ̀ ẹ́ dáadáa jàre! Àbí o ò jẹun ni?” Ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ: kó! Ará ilé kejì gbọ́ igbe mi. Ìbùkún sá wọ yàrá.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fi òróró pa ẹ̀yìn mi kí ọmọ mi tó fipá mú mi lọ sí ọsibítù. Ojú mi rí nǹkan lórí bẹ́ǹṣì tá a ti ń dúró de dókítà. Ẹsẹ̀ mi òsì ti ń kú lọ, ẹ̀rù sì bà mí pé mi ò ní rìn mọ́.

Wọ́n ya fọ́tò eegun. Ọ̀kan nínú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn mi ti rún. Dókítà, obìnrin kékeré kan, ní ositiopọrósíìsì ni, ìyẹn eegun tó ti ṣófo. Tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, eegun á máa pàdánù káṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú un le, títí inú ẹ̀ á fi dà bíi kànrìnkàn. Kì í dunni títí tó fi máa ṣẹ́.

Mo bi í pé, “Ṣé ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ló fọ́ ọ?”

Ó ní, “Màmá, omi tí ẹ gbé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n gígùn yẹn dá kún un.”

Oṣù mẹ́ta ni mo fi de bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀yìn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti oògùn káṣíọ̀mù. Ẹsẹ̀ mi padà bọ̀ sípò. Mo ti kúrú díẹ̀, ìró mi ń wọ́lẹ̀. Ara yìí, mo lò ó nílòkulò, kò sì ráhùn.

Ṣùgbọ́n Ìbùkún ò sún mọ́ mi mọ́. Tó bá gbé oúnjẹ mi wá, ẹnu ọ̀nà ló ń gbé e sí. Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀yìn lọ. Ó ṣe mí bíi kí n purọ́ fún un pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Mi ò lè ṣe é. Mo pè é, mo ní, “Ẹsẹ̀ ẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ní kó o tẹ̀ ẹ́. Èmi àgbà ni mo jẹ̀bi, ìwọ kọ́. Má bínú sí mi.”

Ó bi mí pé, “Màmá àgbà, ṣé ó ṣì ń dùn yín?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

Ó wá jókòó tì mí. Kò fara kàn mí, ṣùgbọ́n kò dìde lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mò ń rìn, àmọ́ ìjókòó yẹn ni mo tìtorí ẹ̀ sunkún.