Ẹni Tó Fa Ẹ̀wọ̀n Tán

Tí ẹ bá dé ìlú Harmsen ní Iowa, tí ẹ ní kí wọ́n júwe ilé olóòótọ́ fún yín, ilé Gerrit Roelofs ni wọ́n máa júwe. Ẹ ó sì gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rí òrùlé. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹlẹ́dẹ̀ ló fi tọ́mọ, ẹlẹ́dẹ̀ ló fi kọ́lé, kò sì sí ẹni tó ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ rí tó délé tó tún un wọ̀n.

Ọjọ́ Sátidé ìgbà ìkórè nìkan ló máa ń fi oko sílẹ̀, nítorí òun ló ń di ọ̀pá ẹ̀wọ̀n mú ní pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ọlọ́pàá. Nínú bọ́ọ̀lù tiwa, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n sì fún yín láti gbé e dé yáàdì mẹ́wàá. Bí ẹ bá kùnà, ó di tàwọn ọ̀tá. Ẹ̀wọ̀n tó gùn tó yáàdì mẹ́wàá, tó ní ọ̀pá lórí méjèèjì, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá di ọ̀pá yẹn mú kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ pariwo, àfi kó dúró bí ẹni tí kò mọ ẹnì kankan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Gerrit fi dúró bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń lù wá bí ẹni ń lu bàrà. Kò mirí, kò pòṣé.

Ọdún tí Kendall, ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí, wọ ọdún kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni nǹkan yí padà. Kendall ló ń gbé bọ́ọ̀lù sáré fún wa. Ọmọ náà lágbára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í yẹ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn tó ti ń pè wá ní ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹyà lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A nà wọ́n nílé, a nà wọ́n lájò. Oṣù kọkànlá parí, kò sẹ́ni tó lù wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: orí wa wú. Virgil Postma tó ń gẹrun fún gbogbo ìlú ní kí ìyàwó òun fá nọ́ńbà ẹ̀wù Kendall sí ẹ̀yìn orí òun, àgbàlagbà tí kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ nírun mọ́.

Ìdíje tó kángun sí àṣekágbá bọ́ sílé wa. Àwọn ará Montana ló wá bá wa, wọ́n síngbọnlẹ̀. Yìnyín ń já bọ́ láti òwúrọ̀. Nígbà tí eré fẹ́ẹ́ parí, àmì kan ṣoṣo la fi ń jù wọ́n lọ, ìgbà kẹrin wa sì ti dé. Atẹ́gùn kò jẹ́ ká lè fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù jìnnà kó tó dọwọ́ wọn, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ní kí Kendall gbé e sáré. Bó bá dé ọ̀pá, bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ tiwa, a ó máa fi ṣeré títí àkókò á fi tán. Bí kò bá dé, a ti dọwọ́ wọn.

Kendall forí sọ wọ́n. Gbogbo wọn wó lulẹ̀ gbì. Rẹfirí ní kí wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n wá, Gerrit sì gbé ọ̀pá iwájú dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù. Kendall ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Rẹfirí ń nu yìnyín kúrò lójú.

"Bàbá àgbà," ọmọ náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á tán."

Ẹ̀wọ̀n tí wọn ò bá fà tán máa ń kúrú. Ìwọ̀n àtàńpàkò kan ti tó, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó wu Gerrit. Àmọ́ ó fà á. Ó fà á títí ẹ̀wọ̀n fi le, ó sì gún ọ̀pá mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù kò dé ibẹ̀. Ìwọ̀n àtàńpàkò kan ló kù.

Ariwo tó sọ ní pápá lọ́jọ́ náà, òkú ìbá jí. Àwọn ará Montana gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé e sún mọ́ wa títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti lè gbá a gba àárín òpó méjì tó wà ní ìparí pápá, kí wọ́n sì fi gba àmì mẹ́ta. Wọ́n gbá a, atẹ́gùn sì gbé e yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. A borí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára gbogbo wa.

Nígbà tí Gerrit lọ gẹrun, Virgil bi í bóyá Montana ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. "Ọ̀rẹ́, atẹ́gùn ló kó ẹ yọ," ó ní. "Ká ní wọ́n gbá a wọlé ni, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ẹ nìkan ni ì bá máa kí ẹ nílùú yìí." Gerrit rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò dùn ún. Ohun tó dùn ún ni Kendall. Ọjọ́ Ìsinmi kì í lọ kí ọmọ náà má jẹun ọ̀sán nílé wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kejì eré, kò wá. Arlys ìyàwó Gerrit gbé ẹran màlúù àti pòtétò kalẹ̀, ó gbé àwo Kendall síbẹ̀, ó sì tún gbé e kúrò. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà ló rí. Gerrit pè é lórí fóònù, ọmọ náà ní ìdánwò ń bọ̀.

"Ṣé ó ti kọ̀ mí nìyẹn?" Gerrit bi ìyàwó rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," Arlys dáhùn. "Mi ò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i ni àbí ojú ló ń tì í."

Bàbá náà ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí nìyẹn.

Texas ni àṣekágbá ti wáyé, ìdajì ìlú sì kó sí bọ́ọ̀sì. Àwọn ẹlòmíì ló di ọ̀pá mú níbẹ̀. Gerrit ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo wa, ó jókòó sí iwájú pátápátá, lẹ́bàá ọgbà tó yí pápá ká. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, àwọn ọ̀tá ló ń léwájú, ìgbà kẹrin wa tún dé, Kendall náà ni wọ́n tún gbé e fún. Ó tún forí sọ wọ́n, àfi bíi pé òkúta ló forí sọ. Wọ́n gbé ẹ̀wọ̀n wá sí iwájú ibi tí Gerrit jókòó sí gan-an. Rẹfirí bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó na ọwọ́ síwájú: tiwa ni! Àwọn èrò tọ̀hún figbe ta pé wọn ò fa ẹ̀wọ̀n náà tán, pé wọ́n ṣojúsàájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Kendall gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ìparí. Harmsen gba ife-ẹ̀yẹ, Harmsen àwa tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín! Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí fò sókè, ṣòkòtò mi ya, mi ò sì bìkítà.

Àmọ́ igbe àwọn tọ̀hún ò dáwọ́ dúró. Kendall fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ife, ó bọ́ akoto lórí, ó wá sídìí ọgbà lọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀.

"Bàbá àgbà, ẹ̀yin rí i," ó ní. "Ṣé wọ́n fà á tán?"

"Wọ́n fà á tán," Gerrit dáhùn. "Ó sì kọjá ọ̀pá."

Virgil gun orí àga, ó kọjú sí àwọn tọ̀hún. "Ẹ máa lọ sùn!" ó ké. "Gerrit ti ní ó débẹ̀!"

Àwọn yẹn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Gerrit. Kendall ti na ara kọjá ọgbà, ó forí lé èjìká rẹ̀, ó ń sunkún.