Táwẹ́ẹ̀lì Tí Mo Tẹ́ Sílẹ̀ Fún Ọlọ́run

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè mú ojú ìyàwó mi là. Ti ọ̀tún ti ṣú, tòsì ń tẹ̀lé e. Ìyàwó mi ní ohun tí mo bá wí lòun máa ṣe. Kí lèmi mọ̀? Fọ́ọ̀mù tú ni mo kàwé dé, ibẹ̀ náà, wọ́n rọra lé mi ni.

Ọmọ Iléṣà ni wá, inú ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà la dàgbà sí, Òkè-Fíà l'Óṣogbo la gba yàrá sí. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run lè bá mi sọ̀rọ̀. Ikùn mi nìkan ló sọ̀rọ̀. Ni mo bá rántí Gídíónì inú Bíbélì, tó tẹ́ irun àgùtàn sílẹ̀, tó ní kí ìrì sẹ̀ sórí irun náà nìkan, kóun lè mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú òun. Àgùtàn Òṣogbo ò nírun tó ṣe é tẹ́. Mo mú táwẹ́ẹ̀lì mi, mo tẹ́ ẹ sẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́. Bó bá tutù tí ilẹ̀ gbẹ, a ó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ilẹ̀ mọ́, n ò bá táwẹ́ẹ̀lì. Mo bi Àlàájà tó nilé.

"Mo jáde wá ṣàlùwàlá àsùbáà ni mo rí i nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ṣé ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà kì í ká aṣọ wọlé ni? Mo ti fọ̀ ọ́."

"Ẹ fọ̀ ọ́? Àlàájà, ṣó tutù kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́?"

"Ó dọ̀tí. Ìyẹn ni mo rí."

Mo bá jẹ́wọ́. Àlàájà ní, "Nítorí ìrì, ìyàwó ẹ ń fọwọ́ wá ilẹ̀kùn kiri?"

Ẹ̀rín ìyàwó mi ni mo gbọ́ láti inú yàrá. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Mo wọlé lọ bá a.

"Dádì, n ò ní kẹ́ ẹ bi Ọlọ́run," ó ní. "Ẹ̀yin ni mo bi. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ pé ẹ máa bá mi lọ."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

Mo ní màá bá a lọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi bi mí bóyá èmi ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹnu ilẹ̀kùn tíátà ni wọ́n ti dá mi dúró. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ibẹ̀ ni mo wà.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ má baà ṣubú."