Àṣírí Tí Mo Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí mo rí ètò àfikún kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ó ń sọ lẹ́tà di ńlá, mo so ó mọ́ ibi tí mo ti ń ka ímeèlì. Ó béèrè ìyọ̀ǹda. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Lẹ́tà tóbi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò pẹ́ sí i, àbúrò mi tó wà ní Ṣakí ránṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn níbí, kí n bá wọn wádìí ilé náà, bí àwa àgbà ti í ṣe kí a tó tọrọ ìyàwó. Bàbá ọmọbìnrin náà kò purọ́ fún mi. Ó ní wàrápá ṣe ọmọ òun ní kékeré, ó sì ti lọ pátápátá.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún o."

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu la fi ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí, ọ̀nà Ṣakí kò sì dára. Mo kọ ọ́ sínú ímeèlì sí àbúrò mi, torúkọ-torúkọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ wálé, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà.

"Bàbá, ta ló fi nǹkan yìí síbí?"

"Èmi ni. Nítorí ojú mi."

"Ẹ ka ohun tó béèrè?"

"Ṣebí ó ní kí n gbà ni."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bírò pupa tún ìwé ìpè ìgbéyàwó àwọn èèyàn ṣe! Ìlà kan péré lẹ ò kà?"

Ó kà á sí mi létí. Àfikún náà lè ka gbogbo ohun tí mo bá ṣí àti ohun tí mo bá tẹ̀, ó sì lè yí i padà. A wá ẹni tó ni ín, a ò rí i. Ọmọ mi yọ ọ́ kúrò.

"Èyí tó ti kà ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa mọ́, Bàbá. Ó lè má kó nǹkan kan. Ó sì lè ti kó o."

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, bí ẹnikẹ́ni bá tú lẹ́tà tí ìyá mi kọ sí mi wò, n óò rí ibi tó ti ya. Ní báyìí, kò sí ibi tó ya. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sì dé ìgboro, ta ni yóò fẹ́ ọmọ náà? Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ńkọ́?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí òfì. Mo jẹ́wọ́. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo kọ ọ́."

"Ta ló kà á?"

"N ò mọ̀."

Ká ní aládùúgbò kan ló gbọ́ ni, à bá mọ ilé tí a ó lọ bẹ̀bẹ̀.

"Ọmọ mi ló lọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹ ó sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Ó pè é. Ọmọ náà jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ wa." Mo ní kó dìde, kó jókòó. Mo ní, "Mo kọ àṣírí rẹ sílẹ̀, n ò sì mọ ẹni tó kà á."