Bàbá Tó Wà Nínú Ẹ̀wù Rọ́bà

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo kọ́kọ́ rí ṣe nígbà tí mo dé Toronto. Ilé bàbá ará Mexico kan ní Brampton ni wọ́n ń rán mi lọ láràárọ̀. Màá wẹ̀ fún wọn, màá fún wọn lóògùn, lẹ́yìn náà a ó jọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Iyè bàbá ti ra gan-an.

Fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fẹ́ wò, fíìmù apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ láti ìlú wọn. Àwọn ẹ̀dá abàmì gun ọkọ̀ wá láti ojú sánmà, wọ́n balẹ̀ sí abúlé kan, adìyẹ sì ń lé wọn kiri. Okùn tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ náà kọ́ hàn kedere. Mi ò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù náà, síbẹ̀ mo máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Bàbá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kàn nàka sí ẹ̀dá olójú kan tó wà lẹ́yìn pátápátá, wọ́n á sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé:

"Èmi nìyẹn."

Mo sọ fún ọmọ wọn obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Ó ní, "Má dá dádì mi lóhùn. Plọ́ńbà ni wọ́n látilẹ̀."

Àpá iná ńlá kan wà léjìká òsì bàbá. Lọ́jọ́ kan tí mo ń wẹ̀ fún wọn, mo bi wọ́n léèrè ohun tó jó wọn.

"Gílóòbù tó wà lójú ẹ̀wù ẹ̀dá abàmì tí mo wọ̀ nínú fíìmù ló gbiná. Mo kígbe, wọn ò gbọ́. Rọ́bà ni, kò tètè bọ́."

Nígbà tí a jókòó, mo tẹjú mọ́ fíìmù náà. Ibi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni mo dé: olójú kan já kúrò láàárín àwọn yòókù, ó di èjìká òsì mú, ó ń sáré kiri, ó ṣubú, ó ń yí nínú eruku láàárín àwọn adìyẹ. Èéfín ń rú lọ́rùn rẹ̀. Àwọn tó ń ya fíìmù náà ò dá kámẹ́rà dúró. Wọ́n tún fi fèrè aláyọ̀ sí i.

Mo ti ń fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ láìmọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ bàbá.

Wọ́n ní, "Gbogbo èèyàn ló rẹ́rìn-ín. Fíìmù náà dáa."

Mo dúró de ọmọ wọn, mo fi ibẹ̀ hàn án nínú fíìmù náà. Kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù òtútù ọrùn rẹ̀ tó fi wò ó tán. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Bàbá wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, "Ta nìyí?"

Kí òtútù ọdún yẹn tó tán, bàbá kú. Ibi iṣẹ́ mi ti gbé mi lọ tọ́jú arúgbó mìíràn ní Whitby nígbà náà, mi ò ráyè lọ síbi ìsìnkú. Ọmọ wọn pè mí níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó ní òun ń wo fíìmù náà lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ fèrè aláyọ̀ náà lórí fóònù títí bọ́ọ̀sì fi dé.