Awakọ̀ Méjì Tí A Ò Gbúròó Wọn

Ká má parọ́, obìnrin yìí kọ́kọ́ máa ń sú mi. Ọdún mẹ́sàn-án la fi jọ jókòó nínú yàrá kan náà nílé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù: èmi nídìí tẹlifóònù tí mo fi ń darí àwọn awakọ̀, òun nídìí kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ ìkéde. Màmá Ẹ-Jẹ́-N-Kà-Á là ń pè é. Kò sí ìwé tó lè jáde lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ pe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn jù, tó kà á sí i létí, tó sì bi í pé, "Kí lo gbọ́?" Bí ohun tónítọ̀hún gbọ́ bá yàtọ̀ sí ohun tó kọ, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Nítorí ìkéde lásán pé a ò ní ṣí géètì lọ́jọ́ Àìkú kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pe olùṣọ́! Mo ní, "Màmá, ṣé ìwé ogún lẹ̀ ń kọ ni?" Ó ní kí n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ kan la dédé gbọ́ pé àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba ní orílẹ̀-èdè kejì, wọ́n sì ti ti ẹnubodè pa. Awakọ̀ wa mẹ́fà ló wà lọ́hùn-ún. Kó tó di ọ̀sán, mo ti bá mẹ́rin sọ̀rọ̀. Fóònù àwọn méjì tó kù ò lọ rárá. Jẹ́ẹ́jẹ́ lọ̀kan, bó ṣe ń wakọ̀ la fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìkejì, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi.

Ọ̀gá já wọlé. "Gbogbo ilé iṣẹ́ ló ti bẹnu àtẹ́ lu àwọn ṣọ́jà yẹn, àwa nìkan la dákẹ́ bí odi! Àwọn oníbàárà ń bi mí pé ẹ̀yìn ta la wà. Màmá, ẹ kọ ọ́ kó le. Kẹ́ ẹ sì fi kún un pé àlàáfíà làwọn awakọ̀ wa wà, nínú ọgbà ìkẹ́rùsí wa lẹ́bàá odò."

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀gá, ta ló máa kà á?"

"Àwọn oníbàárà ni."

"Ṣọ́jà tó dúró lójú ọ̀nà náà ní fóònù, sà. Orúkọ wa wà gàdàgbà lára ọkọ̀ àwọn ọmọ yẹn. Bá a bá bú u láàárọ̀, ara wọn ló ti máa gbẹ̀san lọ́sàn-án. Ẹ tún ní ká júwe ibi tí wọ́n wà fún un."

"Ṣé ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn wá dáa ni?"

"Kò dáa! Ó ń bí mi nínú ju bó ṣe ń bí yín lọ. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa délé ná, màá bá yín kọ èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ọ̀gá gbá tábìlì. Màmá ń kọ̀wé lọ. Nígbà tó parí, èmi ló kọjú sí, ó kà á: "Awakọ̀ wa mẹ́fà wà lódìkejì ẹnubodè. A ti bá mẹ́rin sọ̀rọ̀. A ò tíì gbúròó méjì. Ohunkóhun tá a bá gbọ́, àwọn ẹbí wọn la ó kọ́kọ́ sọ fún. Lójoojúmọ́ la ó sì máa pè wọ́n, ì báà jẹ́ pé a ò gbọ́ nǹkan kan."

"Kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé àbúrò mi ti kú!" Igbe ni mo fi dáhùn. "Ẹ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni wọ́n wà, Màmá. Ẹ ṣàánú ìyá mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra."

"Ṣé o mọ̀ pé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Mo nu omijé ojú mi. Omi lé ròrò sójú òun náà, síbẹ̀ kò kọ ọ́. Ó wá fi kún un pé, "A ò sì gbọ́ ìròyìn búburú kankan nípa wọn." Ó ní, "Èyí ńkọ́?" Mo ní ó sàn díẹ̀. Ọ̀gá wo ìwé náà títí, ó wò mí, ó ní kó máa lọ.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ìyàwó Jẹ́ẹ́jẹ́ pè lórí fóònù mi, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Ohun tó wà nínú ìwé ló yẹ kí n kà fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì ń tan ara mi náà. Mo ní, "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń bọ̀ lọ́nà." Mi ò sọ fún Màmá.

Lọ́jọ́ kẹrin, àbúrò mi fẹsẹ̀ rìn wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. Ó ní lójú ọ̀nà, ṣe làwọn ṣọ́jà ń wá ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jáde lórí fóònù. Awakọ̀ àwọn tó bú wọn, wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n ka tiwa, wọ́n pòṣé, wọ́n ní kó máa lọ. Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún bí ọmọdé.

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ńkọ́?"

"Lórí afárá la ti pínyà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bùrọ̀dá. Mi ò rí i mọ́."

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó Jẹ́ẹ́jẹ́ pé awakọ̀ kan ti dé. Ó wọlé tòun tàwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ tó dáa jù. Ó ń yọjú wo ẹ̀yìn àbúrò mi. "Bùrọ̀dá, ẹ ní wọ́n jọ ń bọ̀ ni. Ọkọ mi dà?"

Màmá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó yé e. Ó fi obìnrin náà jókòó sórí àga tirẹ̀. "A ò tíì mọ̀, ọmọ mi. A ò mọ̀ nígbà yẹn náà."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi? Mo ti sọ fáwọn ọmọ pé bàbá wọn ń bọ̀!"

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Màmá ti fẹ̀yìn tì. Kó tó lọ, ó ní èmi gan-an ni kí n máa pe ilé Jẹ́ẹ́jẹ́. Lánàá, ọmọ rẹ̀ àgbà ló gbé fóònù, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé òótọ́ lẹ fẹ́ sọ lónìí?"

Mo ní, "Òótọ́ ni. A ò tíì gbọ́ nǹkan kan."

Ó ní, "Ó dáa. Màá sọ fún mọ́mì."