Rọ́kẹ́ẹ̀tì àti Ìkòkò Omi Ọ̀nà Oko

Ní abúlé wa lẹ́bàá Moretan, ẹni tó ń lọ sóko kì í gbé omi dání. Ìkòkò kan wà lábẹ́ igi máńgòrò lágbedeméjì ọ̀nà, igbá dé e lórí. O ó bu omi mu, o ó dé e padà, o ó sì bá tìrẹ lọ.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì ìkẹyìn ní Atakpamé, olùkọ́ wa sọ pé nǹkan kan wà lójú sánmà tí ojú ò rí, tó wúwo, tí kò jẹ́ kí àwọn ìràwọ̀ fọ́n ká. Ó mẹ́nu bà á lásán ni, ó sì padà sórí rọ́kẹ́ẹ̀tì: epo tó ń gbé lọ ló pọ̀ jù nínú ẹrù rẹ̀, ó tún nílò epo láti fi gbé epo. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Irú wèrè wo nìyẹn? Kí ló dé tí kò lè máa bu nǹkan àìrí yẹn lójú ọ̀nà, kó sì máa fi ṣe epo? Lójú tèmi, mo ti yanjú ẹ̀.

Mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan nínú báákì, ìdánwò tí a fi ń jáde ní girama. Bàbá mi ní èyí ni ìgbẹ̀yìn: bí mo bá yege, kí n lọ sí yunifásítì ní Lomé; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé ọkọ. Máàkì díẹ̀ ló kù fún mi, ìdánwò ẹlẹ́nu ló sì máa pinnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, olùdánwò kan, ọkùnrin tó wọ awò ojú, bi mí bí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá tó o. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: mo ro gbogbo èrò mi fún un.

Ó ní, "Nǹkan tó ń gba inú ògiri kọjá bí ẹni pé kò sí ògiri, kí lo máa fi bù ú?"

Mo sọ ti ìkòkò wa fún un.

"Ta ló ń pọn omi yẹn?"

"Ó máa ń wà níbẹ̀ ni, ọ̀gá."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó pe ẹni tó kàn. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ò tíì rí ohun tí wọ́n lè fi bu nǹkan yẹn, nítorí náà ọkùnrin yẹn ò fi máàkì dù mí lásán. Mo fìdí rẹmi.

Mo wọ takisí, mo fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Lábẹ́ igi máńgòrò, mo bá ìyá mi, òógùn bò ó, ó ń da omi sínú ìkòkò.

Mo ní, "Ìyá, ṣé àwa ló kàn láti pọn ọ́n ni?"

"Kàn kẹ̀? Ta ló ń pín in? Láti ìgbà tí o ti ń gba ibí lọ síléèwé ni mo ti ń pọn ọ́n."

Ó wo ojú mi. Ó bu omi fún mi. "Mu ún."

Mo mu ún. Ojú tì mí ju ti iwájú olùdánwò lọ. Mo gba òṣùká àti garawa lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ọ̀nà odò lọ.